Ìbùdó afọkàntán: ilé tí àṣírí kúáńtọ́ọ̀mù ti ń tú síta

Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa pínpín kọ́kọ́rọ́ kúáńtọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n ń pè ní QKD (fífi hóró ìmọ́lẹ̀ pín nọ́ńbà àṣírí tí èèyàn méjì á fi máa ti ọ̀rọ̀ wọn pa), á ti gbọ́ pé olè ò lè yọ́ gbọ́ ọ. Òótọ́ ni, àmọ́ orí okùn tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá nìkan ni òótọ́ náà mọ. Charles Bennett àti Gilles Brassard ló gbé ọ̀nà àkọ́kọ́ kalẹ̀ lọ́dún 1984: hóró ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kó máa gbé nọ́ńbà àṣírí lọ. Ẹni tó bá wọn hóró náà lójú ọ̀nà á dà á rú, kò sì lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kó fi pa ojú mọ́. Tí àwọn méjì tó ń pín kọ́kọ́rọ́ bá fi díẹ̀ lára nọ́ńbà wọn wéra, àṣìṣe tó bá pọ̀ jù ló máa tú àṣírí olè.

Ìmọ́lẹ̀ ni kì í rìn jìnnà. Nínú okùn fáíbà tó dára, lẹ́yìn 100 kìlómítà, hóró 1 péré nínú 100 ló ń gúnlẹ̀. Ní 200 kìlómítà, ó di 1 nínú 10,000. Bó bá di 1,000 kìlómítà, ká tiẹ̀ máa rọ́ hóró bílíọ̀nù 10 sínú okùn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, á tó nǹkan bí 300 ọdún kí ẹyọ kan tó yọ lódìkejì. Ẹ̀rọ tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń fún ìmọ́lẹ̀ lókun lójú ọ̀nà kò ṣeé lò níbí: òfin tí kò jẹ́ kí olè ṣe ẹ̀dà kò jẹ́ kí òun náà ṣe é.

Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n gé ọ̀nà sí kéékèèké. Okùn tí orílẹ̀-èdè Ṣáínà ṣí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, láti Beijing gba Jinan àti Hefei lọ sí Shanghai, gùn tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà, ìbùdó 32 ló sì wà lórí rẹ̀. Irú ìbùdó yìí ni wọ́n ń pè ní trusted node. Èmi á pè é ní ìbùdó afọkàntán, torí pé tipátipá ni a fi ń fọkàn tán an.

Ẹ jẹ́ ká wò ó pẹ́kípẹ́kí. Ká ní ìbùdó kan ṣoṣo ló wà láàárín. Beijing àti ìbùdó pín 1011. Ìbùdó àti Shanghai pín 0110. Ìbùdó á to méjèèjì lórí ara wọn: ibi tí wọ́n bá jọra, á kọ 0, ibi tí wọ́n bá yàtọ̀, á kọ 1. Ó di 1101, ó sì kéde rẹ̀ ní gbangba. Shanghai á to 1101 lórí 0110 tirẹ̀, 1011 á sì jáde. Ẹni tó gbọ́ ìkéde náà kò rí nǹkan kan mú. Ṣùgbọ́n ìbùdó mọ 1011 látòkè délẹ̀. Ìkọ̀ tó gbé àrokò láyé àtijọ́ lè jíṣẹ́ láìmọ ohun tó wà nínú ẹrù tó dì mọ́ra. Ìkọ̀ tibí gbọ́dọ̀ tú ẹrù kó tó tún un dì.

Nítorí náà, nínú yàrá yẹn, kúáńtọ́ọ̀mù ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà lásán ló kù nínú mẹ́mọ́rì, ó sì di ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, kámẹ́rà àti ẹ̀ṣọ́. Àmọ́ yàrá náà lè wà nínú ìgbẹ́, kí ọlọ́pàá tó dé, olè á ti lo wákàtí kan. Ìdí nìyí tí àpótí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kan òun. Wọ́n máa ń fi wáyà tín-ín-tìn-ìn-tín hun bí àwọ̀n yí pátákó ẹ̀rọ ká, wọ́n á sì da gọ́ọ̀mù líle bò ó. Bí ìdálu bá gé wáyà kan, iná tó ń gbà á kọjá á yí padà, ẹ̀rọ á sì pa gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ́ kíá. Bátìrì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú, torí ohun tí olè kọ́kọ́ máa ń gé ni iná.

Àpótí náà tún nílò ohun tó ń wo bí ooru àti òtútù ṣe ń lọ. Lọ́dún 2008, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Princeton fi hàn pé mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé lójú ẹsẹ̀ tí iná bá lọ, bí èèyàn bá sì fín òtútù sí i, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú mélòó kan. Àpótí tó bá rí i pé òtútù ṣàdédé mú kò gbọ́dọ̀ dúró wò: kó kọ nǹkan mìíràn lé kọ́kọ́rọ́ lórí kó tó di pé ó dì.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni òṣìṣẹ́ tó ní káàdì ilẹ̀kùn. Àwọ̀n wáyà kì í mú ẹni tí a fọwọ́ ara wa jẹ́ kó wọlé. Àjọ NSA, tó ń rí sí ààbò ìsọfúnni ìjọba Amẹ́ríkà, pàápàá ka ewu ará ilé yìí mọ́ ìdí tí kò fi gba QKD níyànjú fún iṣẹ́ ààbò orílẹ̀-èdè. Ohun tó ń dín in kù ni kí ẹnì kan má dá wọ yàrá, kí kọ́kọ́rọ́ má sì pẹ́ níbẹ̀: gbàrà tí 1101 bá ti jáde, kí ìbùdó pa 1011 àti 0110 rẹ́.

Ọ̀nà mìíràn ni kí kọ́kọ́rọ́ gba ọ̀nà méjì tí kò pàdé, kí àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun wá to èyí tó dé lọ́tùn-ún lórí èyí tó dé lósì. Ẹni tó bá fọ́ ìbùdó kan kò tíì rí nǹkan kan. Àfi kó fọ́ ọ̀kan lọ́nà kejì pẹ̀lú. Owó rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n mo gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀.

Sátẹ́láìtì Micius, tí Ṣáínà fi ránṣẹ́ lọ́dún 2016, ìbùdó afọkàntán lòun náà nígbà tó pín kọ́kọ́rọ́ fún Beijing àti Vienna lọ́dún 2017. Kò sẹ́ni tó máa gun àkàbà lọ tú u, àmọ́ ó mọ kọ́kọ́rọ́ méjèèjì.

Ẹ̀rọ agbàtúnfiránṣẹ́ kúáńtọ́ọ̀mù gan-an, èyí tó máa so hóró Beijing mọ́ ti Shanghai láì wọ̀n wọ́n fúnra rẹ̀, kò ní mọ kọ́kọ́rọ́ kankan. Bí olè bá wọ ilé rẹ̀, ó lè ba iṣẹ́ jẹ́, kò lè jí àṣírí. Mẹ́mọ́rì tó máa di hóró ìmọ́lẹ̀ mú pẹ́ tó láìbà á jẹ́ ni wọ́n ṣì ń wá ní ilé ìwádìí. Títí di ìgbà náà, ìbùdó mélòó ló wà láàárín, ta ló sì ní káàdì wọn, ni ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi ẹni tó bá ń ta QKD ọlọ́nà jíjìn.