Súíṣì wà lára pọ́ǹpù, omi ẹja ṣì kún pálọ̀: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àpótí ẹja onígíláàsì wà ní pálọ̀ wa n'Ìjẹ̀bú-Òde, táńkì tó ń sẹ́ omi rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi súíṣì onífulóòtù (èyí tó ń léfòó lórí omi) sí i, kó máa pa pọ́ǹpù bí omi bá fẹ́ kún jù. Síbẹ̀, lálẹ́ àná tí wọ́n mú iná lọ, omi gba gbogbo ilẹ̀. Àlejò Ojúde Ọba ti ń bọ̀, kápẹ́ẹ̀tì ò sì tíì gbẹ. Ṣé súíṣì náà ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Nígbà tí iná ti lọ, pọ́ǹpù ti kú. Kí ni súíṣì tún fẹ́ pa?

Ọ̀nà méjì ni omi irú àpótí yìí ń gbà dà sílẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, iná wà. Ewé tàbí ìgbín dí ihò tí omi òkè ń gbà sọ̀ kalẹ̀, pọ́ǹpù ò sì mọ̀, ó ń fa ti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí tó fi ré kọjá etí gíláàsì. Èyí gan-an ni súíṣì wà fún.

Nínú ti èkejì, iná lọ. Páìpù tó ń gbé omi gòkè kún dẹ́nu, ẹnu rẹ̀ sì rì sínú omi òkè. Bí pọ́ǹpù bá ti dákẹ́, omi á gba inú páìpù kan náà padà, bí ìgbà tí awakọ̀ bá fi rọ́bà fa epo nínú táńkì ọkọ̀. Kò ní dúró àfi tí omi òkè bá fà dé ẹnu páìpù, tí afẹ́fẹ́ ráàyè wọlé. Táńkì ìsàlẹ̀ yín ló kún àkúnya, kì í ṣe tòkè.

Ìbéèrè: Omi tó ń padà yẹn pọ̀ tó báwo?

Ìdáhùn: Bí àpótí bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó fẹ̀ ní 45, sẹ̀ǹtímítà kan péré tí omi rẹ̀ bá fi fà, lítà 5.4 ni. Bí ẹnu páìpù bá rì ní sẹ̀ǹtímítà 5, lítà 27 ń bọ̀ nísàlẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ò gbà á, ẹ ò tíì ka ti inú páìpù.

Ẹ gbé ẹnu páìpù náà sókè, kó kàn rì díẹ̀. Ẹ sì lè lu ihò kékeré sí i lára, nísàlẹ̀ ojú omi gẹ́lẹ́, kí afẹ́fẹ́ tètè wọlé. Ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé máa ń dí ihò yìí, ẹ máa fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́. Àwọn kan á ní kí ẹ ra fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà. Èmi ò gbára lé e: ìgbín kékeré kan há sí i báyìí, kò ní lè padé mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ yín pa pọ́ǹpù lọ́sàn-án, kí ẹ dúró tì í. Bí omi ìsàlẹ̀ bá kún, ẹ bù ú kúrò títí tí àyè fi tó. Ẹ wá tan pọ́ǹpù padà, kí ẹ fa ìlà sí ibi tí omi táńkì ìsàlẹ̀ bá dúró. Ẹ má ṣe bu omi sí i kọjá ìlà yẹn láé.

Ìbéèrè: Ṣé kí n yọ súíṣì náà kúrò nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ má yọ ọ́ o! Kí fulóòtù kan wà nínú àpótí òkè, bí ìbú ìka kan sókè ojú omi. Kí èkejì wà nínú táńkì ìsàlẹ̀, kí pọ́ǹpù má baà ṣiṣẹ́ lórí gbígbẹ, torí omi ló ń tù ú lára. Kí oníná so wọ́n pọ̀ tó fi jẹ́ pé èyíkéyìí nínú wọn lè dá pọ́ǹpù dúró, kódà bí wáyà wọn bá já. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú fulóòtù kékeré ò lè gbé agbára pọ́ǹpù, ó lè lẹ̀ pọ̀. Ríléè, ìyẹn súíṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá tàbí pa á, ni kó gbé e, kí fulóòtù máa lo iná fóòltì 12 péré. Iná ńlá ò sì ní gba inú fulóòtù tó wà nínú omi.

Ìbéèrè: Tí pọ́ǹpù bá wá ń kú, tó ń jí, tó tún ń kú ńkọ́?

Ìdáhùn: Omi ló ń gbé fulóòtù sókè sódò. Ẹ ra ríléè tí kì í tàn padà àfi téèyàn bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn ẹja ńkọ́, nígbà tí pọ́ǹpù bá ti kú?

Ìdáhùn: Èyí ló yẹ kó bà yín lẹ́rù ju kápẹ́ẹ̀tì lọ. Afẹ́fẹ́ inú omi máa ń tán. Ẹ ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì, kí ẹ má sì fún wọn lóúnjẹ títí iná á fi dé.