Ọ̀dà Dúdú Kọ́ Ló Ń Mú Irin Tètè Tutù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun dúdú máa ń tú ooru dànù ju ohun funfun lọ. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fi ọ̀dà dúdú kun rédíétọ̀ tó ń mú yàrá gbóná, àti irin tó ń kó ooru kúrò lára ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dà funfun ló wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ àṣedànù ni.

Oòrùn ló fa àṣìṣe yìí. Lábẹ́ oòrùn, ọ̀dà dúdú ń gba nǹkan bíi 95 nínú 100 ìtànṣán tó bá bọ́ lé e. Ọ̀dà funfun tó mọ́ kì í sábà gbà ju 30 lọ. Gbígbà nìyẹn o, kì í ṣe títú jáde. Irin tó gbóná dé 60°C kì í tan ìmọ́lẹ̀ bíi ti oòrùn. Infrared tí ojú ò rí ló ń tú jáde, ìgbì rẹ̀ sì gùn tó nǹkan bí ìlọ́po 20 ti ìmọ́lẹ̀. Ní ti infrared yìí, ọ̀dà funfun, pupa àti dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: emissivity gbogbo wọn, ìyẹn ìwọ̀n bí ojú nǹkan ṣe ń tú ìtànṣán ooru jáde sí, wà ní nǹkan bíi 0.9, nígbà tí òpin rẹ̀ jẹ́ 1.

Dídán irin ló ń mú ìyàtọ̀ wá. Ká ní irin kan wà ní 60°C, tí yàrá sì wà ní 25°C. Bó bá ti ní ọ̀dà lára, àwọ̀ yòówù kó jẹ́, yóò máa fi ìtànṣán tú nǹkan bíi wáàtì 225 láti ojú tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Alumíníọ̀mù dídán, tí emissivity rẹ̀ jẹ́ 0.05, kò ní tú ju wáàtì 13 lọ.

Èyí náà ló ń jẹ́ kí tẹmómítà infrared parọ́ lórí irin dídán: ooru yàrá tó ń ta padà lára irin ló ń kà. Ẹ lẹ táàpù wáyà iná mọ́ irin náà, ẹ gbé emissivity orí tẹmómítà sí 0.95, ẹ jẹ́ kí táàpù gbóná bá irin dọ́gba, kí ẹ tó wọn ojú táàpù. Táàpù funfun pàápàá á ṣe é.

Ọ̀dà tó yẹ kí ẹ sá fún ni ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà, tó ní lẹ́búlẹ́bú alumíníọ̀mù nínú. Ó lè gé ìtànṣán rédíétọ̀ sí ìdajì. Kò sí ìdí láti ha á kúrò. Ẹ fi ọ̀dà lásán kùn ún lórí lẹ́ẹ̀kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, torí ojú òde ló ń tú ooru. Bí fáànù bá ń fẹ́ sí irin náà, atẹ́gùn ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ooru lọ, ọ̀dà ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mú ìyàtọ̀ wá.