Olùkọ́ni ọ̀kọ̀ jíjù

Olùkọ́ni ọ̀kọ̀ jíjù ni kóòṣì tó ń kọ́ eléré ìdárayá bí wọ́n ṣe ń ju ọ̀kọ̀ kó lọ jìnnà, tó ń to ìdánrawò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí di àsìkò ìdíje, tó sì ń ṣọ́ apá àti ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n má bàa bàjẹ́. Nínú ohun mẹ́rin tí wọ́n ń jù nínú eré orí pápá, ọ̀kọ̀ nìkan ni wọ́n ń sáré tààrà bọ̀ wá jù. Àwọn mẹ́ta yòókù, inú òbìrí kékeré ni wọ́n ti ń jù wọ́n. Ìdí nìyí tí olùkọ́ni ọ̀kọ̀ fi gbọ́dọ̀ mọ eré sísá àti fífò tó bó ṣe mọ jíjù. Apá ni ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo eré yìí máa ń wà; ẹsẹ̀ ni ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ń wò.

Ọ̀kọ̀ àti òfin

Ọ̀kọ̀ àwọn ọkùnrin wúwo tó 800 gíráàmù, ó sì gùn láti 2.60 sí 2.70 mítà. Ti àwọn obìnrin jẹ́ 600 gíráàmù, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 2.20 sí 2.30 mítà. Àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 18 ń lo 700 gíráàmù, àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ wọn sì ń lo 500. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ń sá gbọ́dọ̀ gùn tó 30 mítà ó kéré tán, ó fẹ̀ ní mítà 4, ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ ló sì wà ní òpin rẹ̀. Ọ̀kọ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ kan ṣoṣo níbi okùn tí wọ́n wé mọ́ ọn lára, òkè èjìká ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbà jù ú. Eléré kò gbọ́dọ̀ yí ẹ̀yìn pátápátá sí ìlà náà kí ọ̀kọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Orí irin rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àfi bó bá gún ilẹ̀ tó dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìyípadà kan wà nínú òfin tó kan iṣẹ́ olùkọ́ni gan-an. Ní ọdún 1984, ní Berlin, Uwe Hohn ti Jámánì Ìlà-Oòrùn ju ọ̀kọ̀ dé 104.80 mítà, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn aláṣẹ pé pápá kò ní gbà á mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ọ̀kọ̀ ìgbà náà máa ń balẹ̀ pẹrẹsẹ, tí àríyànjiyàn yóò sì bẹ́ sílẹ̀ lórí bóyá orí ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ní 1986, wọ́n sún ibi tí ìwúwo ọ̀kọ̀ ọkùnrin ti dọ́gba síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 4. Ti obìnrin yí padà ní 1999. Láti ìgbà náà, orí ọ̀kọ̀ kì í pẹ́ tẹ̀ wálẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ léfòó lórí afẹ́fẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí èyí fi yé àwọn olùkọ́ni ni pé kí wọ́n túbọ̀ wá ìyára àti agbára. Jan Železný ti Ṣẹ́ẹ̀kì ló ju irú ọ̀kọ̀ tuntun yìí jìnnà jù, 98.48 mítà, ní Jena ní 1996.

Àwọn tó ń ṣe ọ̀kọ̀ máa ń kọ iye mítà sí i lára, bíi 60, 70 tàbí 80. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà jíjìn máa ń le, kì í tẹ̀ bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣàánú ẹni tí ìyára rẹ̀ kò tó: kíá ló ń dorí kodò. Èyí tó rọ̀ máa ń gbọ̀n rìrì lọ́wọ́ alágbára, agbára tó yẹ kó gbé e lọ síwájú á sì ṣòfò sínú gbígbọ̀n náà. Nítorí náà, olùkọ́ni kì í fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ju 45 mítà ní ọ̀kọ̀ ẹni 80 mítà, bó ti wù kó dára tó.

Bí wọ́n ṣe ń dì í mú

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àwọn kan ń fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e kọ́ ẹ̀yìn okùn. Àwọn kan ń lo àtàǹpàkò àti ìka àárín, ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò á wá nà lọ sẹ́yìn lára ọ̀pá. Àwọn kan sì ń ki ọ̀kọ̀ sáàárín ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò àti ìka àárín. Èyí tí ènìyàn bá yàn kò ṣe pàtàkì tó pé kí ọ̀kọ̀ gba ojú àtẹ́lẹwọ́ kọjá ní gígùn, kí àtẹ́lẹwọ́ sì kọjú sókè. Bó bá dábùú ọwọ́, ìrù rẹ̀ á máa lu ẹ̀yìn tàbí orí eléré, ẹnu rẹ̀ á sì ya sí ẹ̀gbẹ́. Olùkọ́ni lè di ìrù ọ̀kọ̀ mú láti ẹ̀yìn, kí eléré máa fà á díẹ̀díẹ̀: bí okùn bá ń yọ̀ lábẹ́ ìka, ó ti dì í mú ju bó ṣe yẹ síwájú.

Eré sísá àti ìgbésẹ̀ ìkẹyìn

Àpèjúwe yìí jẹ́ ti ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù. Ẹni tó ti gbówọ́ sábà máa ń gbé ìgbésẹ̀ 13 sí 17. 7 sí 9 tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Àmì méjì ni wọ́n ń fi sílẹ̀: ọ̀kan níbi tí ó ti gbéra, èkejì níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í na ọ̀kọ̀ sẹ́yìn. Láti rí wọn, eléré á sáré láti etí ìlà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ojú ọ̀nà, olùkọ́ni á sì fi àmì síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí. Wọ́n á wá dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ òsì tó tẹ̀ gbẹ̀yìn jìnnà sí ìlà tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì. Bó bá sún mọ́ ọn jù, eléré á kọjá ìlà, wọ́n á sì fagi lé e. Bó bá jìnnà tó mítà mẹ́rin, ó ti fi mítà méjì ta ilẹ̀ lọ́rẹ, nítorí pé láti ìlà ni wọ́n ti ń wọn ọ̀nà tó lọ.

Láàárín ìgbésẹ̀ méjì ni wọ́n ń na ọ̀kọ̀ sẹ́yìn. Apá á nà tán, ọwọ́ á wà ní ìwọ̀n èjìká tàbí kó ga jù ú lọ díẹ̀, ẹnu ọ̀kọ̀ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀tún. Láti ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì ara á kọjú síwájú, ẹsẹ̀ ọ̀tún á sì máa kọjá níwájú òsì. Ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ kíkọ́ ti ń bàjẹ́: wọ́n á dẹwọ́ eré láti lè ráyè múra sílẹ̀. Olùkọ́ni ń fẹ́ kí ẹsẹ̀ yára sí i dípò kó falẹ̀, kó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ń sá kúrò lábẹ́ àyà, kí ara fúnra rẹ̀ sì fì sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn gùn, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ga. Ẹsẹ̀ òsì ló ń ti ara síwájú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á balẹ̀, kò ní dúró, orúnkún rẹ̀ á yí wọlé síwájú, ẹsẹ̀ òsì á sì ti balẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ní nínà, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì yìí ni bíréèkì. Bó ṣe dúró gbọnyin ni ìbàdí yóò kọjú síwájú, àyà á tẹ̀lé e, apá á ṣì wà lẹ́yìn, ara á sì tẹ̀ bí ọrun tí wọ́n ti fà. Lẹ́yìn náà ni ìgúnpá máa ṣíwájú, ọwọ́ á sì gbẹ̀yìn. Láàárín ìgbà tí ẹsẹ̀ òsì balẹ̀ sí ìgbà tí ọ̀kọ̀ kúrò lọ́wọ́, ó fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kò sí ẹni tó lè tún ohunkóhun ṣe láàárín ìgbà náà, nítorí náà ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ni olùkọ́ni ń tún ṣe.

Etí tún wúlò níbí. Bí ìró ẹsẹ̀ méjèèjì tó gbẹ̀yìn bá sún mọ́ra, pà-pà, ó dára. Bó bá jẹ́ gbì, tí ó sinmi díẹ̀ kí èkejì tó dún, eléré ti fò sókè jù, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ti rì mọ́lẹ̀ lábẹ́ ìwúwo ara. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á ní apá kò lágbára, bẹ́ẹ̀ apá kọ́ ló ṣẹ̀. Bí orúnkún òsì bá tẹ̀, ìyára tí ó sá bọ̀ kò ní dé ọwọ́, ọ̀kọ̀ á sì lọ nílẹ̀nílẹ̀. Bí apá òsì bá ṣí kíákíá, àyà á ti kọjú síwájú kí ìbàdí tó dé, apá nìkan ni yóò wá ṣe gbogbo iṣẹ́. Bí ìgúnpá bá já wálẹ̀ sísàlẹ̀ èjìká, ọ̀kọ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ lọ, inú ìgúnpá ni ìrora á sì bọ́ sí.

Àwọn tó gbówọ́ jù láàárín àwọn ọkùnrin ń fi ọ̀kọ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí mítà 28 sí 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, igun rẹ̀ sí ilẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín 32 sí 36 dígírì. Ìyára yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ohun tó tẹ̀lé e ni pé kí ẹnu ọ̀kọ̀ kọjú síbi tí ọ̀kọ̀ fúnra rẹ̀ ń lọ. Bí ẹnu bá ga ju ọ̀nà tó ń tọ̀, afẹ́fẹ́ á gbá a nísàlẹ̀, á dúró lókè, á sì já bọ́.

Ibi tí olùkọ́ni dúró sí ń sọ ohun tó lè rí. Láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ní ìwọ̀n mítà 10 sí 15, ó ń rí ẹsẹ̀, orúnkún àti igun ọ̀kọ̀. Láti ẹ̀yìn, ó ń rí bóyá ọ̀kọ̀, èjìká àti ẹsẹ̀ wà lójú ìlà kan náà. Fídíò tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ ti di irinṣẹ́ ojoojúmọ́, ìwọ̀n ìbàdí ni ó sì yẹ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí, ní ìdojúkọ ibi tí ẹsẹ̀ òsì ń bọ́ sí. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló dára kí olùkọ́ni tọ́ka sí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá sọ nǹkan mẹ́rin fún kò ní ṣe ọ̀kankan.

Ìdánrawò

Jíjù láti ojú kan ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ìgbésẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà márùn-ún, kí wọ́n tó sá gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ni kì í kọjá 20 sí 40 ní ọjọ́ kan, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló sì ń jẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára. Bọ́ọ̀lù wúwo oníkìlógíráàmù 1 sí 3, tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì jù láti òkè orí, ń fún àyà àti ikùn lágbára. Irin gbígbé, fífò, eré kúkúrú àti fífo igi ìdènà ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò. Ọ̀kọ̀ tó wúwo ju ti ìdíje lọ kì í ṣe ti ọmọdé: ìgúnpá ni yóò já wálẹ̀ láti rí i gbé, àṣà náà á sì mọ́ ọn lára.

Ìpalára

Iṣan tó so egungun pọ̀ nínú ìgúnpá ló ń fara gbá jù, nítorí pé ìgúnpá ń ṣíwájú nígbà tí ọwọ́ ṣì wà lẹ́yìn. Èjìká, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, inú itan àti ọrùn ẹsẹ̀ òsì ló tẹ̀lé e. Nínú àwọn ọ̀dọ́, egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lè sán díẹ̀díẹ̀ nítorí títẹ̀ sẹ́yìn lemọ́lemọ́, nítorí náà ìrora ẹ̀yìn tó bá ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ yẹ kó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ìrora inú ìgúnpá ń béèrè pé kí jíjù dúró lọ́jọ́ náà. Ìsinmi nìkan kò sì tó bí ẹsẹ̀ bíréèkì bá ṣì ń tẹ̀, torí ìrora náà á padà wá.

Ààbò

Òró ni wọ́n ń gbé ọ̀kọ̀ rìn. Gbogbo ènìyàn ń dúró lẹ́yìn ẹni tó ń jù, wọ́n sì ń lọ mú ọ̀kọ̀ pa pọ̀ lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti jù tán. Wọn kì í sáré lọ síbi ọ̀kọ̀ tó gún ilẹ̀, nítorí pé ìrù rẹ̀ kọjú sí ẹni tó ń bọ̀. Wọn kì í jù ú padà.

Ọjọ́ ìdíje

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni eléré ń jù. Ní ọ̀pọ̀ ìdíje ńlá, àwọn mẹ́jọ tó ṣíwájú tún ń jù lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i. Ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n fún un lẹ́yìn tí wọ́n bá pè é. Olùkọ́ni kò lè wọ pápá, ṣùgbọ́n ó lè bá a sọ̀rọ̀ láti ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, kó sì fi fídíò hàn án, bí ẹ̀rọ náà kò bá ti wọ inú pápá. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ wá láti iwájú, wọ́n ń fi ọ̀kọ̀ sílẹ̀ ní igun tó rẹlẹ̀ díẹ̀; bó bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, wọ́n lè gbé e ga sí i.

Àwọn olùkọ́ni tí a mọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jẹ́ eléré rí. Železný ti kọ́ Barbora Špotáková, tó di góńgó àgbáyé àwọn obìnrin mú pẹ̀lú 72.28 mítà (2008). Hohn kọ́ Neeraj Chopra ti Íńdíà fún ìgbà kan. Lábẹ́ Klaus Bartonietz ni Chopra ti gba wúrà Òlíḿpíìkì Tokyo ní 2021 pẹ̀lú 87.58 mítà. Julius Yego ti Kẹ́ńyà fi fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ara rẹ̀ kó tó lọ ṣe ìdánrawò ní Fínláǹdì, ó sì gba wúrà àgbáyé ní Beijing ní 2015 pẹ̀lú 92.72 mítà.