Ìjọ tó ń yẹ ìwé owó wò: bí àwọn Quaker ṣe di oníbáńkì àti oníṣokoléètì

Ní nǹkan bí ọdún 1650, ṣàṣà ni ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn lè wọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó má ná ọjà. Oníṣọ́ọ̀bù á dá owó lé ọjà, oníbàárà á gé e wálẹ̀, àwọn méjèèjì á sì máa búra pé ibi tí àwọn dé yìí ni òpin. Ìjọ tuntun tí George Fox ń kó jọ ní àríwá ilẹ̀ náà láti ọdún 1652 ló kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń pe ara wọn. Quaker ni àwọn ẹlẹ́gàn sọ wọ́n, orúkọ náà ló sì mọ́ wọn lára. Ẹsẹ Bíbélì kan ni wọ́n dì mú: nínú Mátíù orí karùn-ún, Jésù ní kí ènìyàn má búra rárá, kí bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí bẹ́ẹ̀ kọ́ rẹ̀ sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Lójú wọn, ẹni tó bá pe aṣọ ní ṣílè mẹ́wàá, tó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun máa gba méje, irọ́ ló pa. Iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè náà ni wọ́n ń gbà, ì báà jẹ́ ọlọ́lá ló wá rà, ì báà jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀.

Èyí kọ́kọ́ lé oníbàárà sá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye ọjà nìkan: Quaker kì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni, “ìwọ” ló sì ń pe adájọ́ àti baálẹ̀. (Ẹ wo bí ìyẹn ṣe máa rí láàárín wa.) Fox fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dé ibì kan tí àwọn kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí owó oúnjẹ. Ìgbà tí àwọn aládùúgbò wá rí i pé bí àwọn bá rán ọmọdé lọ sí ṣọ́ọ̀bù Quaker, iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ibi tí àwọn ti lè rí aláṣọ tàbí oníbàtà tó jẹ́ Quaker.

Òótọ́ inú nìkan kọ́ ló tì wọ́n sídìí òwò o. Òfin ti ilẹ̀kùn yòókù mọ́ wọn. Òfin ọdún 1661 àti ti 1673 sọ pé ẹni tí kò bá búra, tí kò sì gba ara Olúwa nínú ìjọ ìjọba, kò lè di ipò mú. Wọn ò lè wọ Yunifásítì Oxford, wọn ò lè gboyè ní Cambridge, títí di ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìgbàgbọ́ wọn kò jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ológun. Iṣẹ́ àgbẹ̀ pàápàá ní wàhálà tirẹ̀, torí wọn kì í san ìdámẹ́wàá fún ìjọ ìjọba, àwọn agbowó sì máa ń wá kó màlúù àti ọkà wọn lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ọmọ tó mọ̀wé nínú ìdílé wọn ni irin, ọkà, oògùn, aago, bíà àti owó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù ni ìpàdé oṣooṣù. Ìjọ yìí kò ní àlùfáà tó ń gba owó oṣù. Ìpàdé ló ń ṣàkóso: ti oṣooṣù ní àdúgbò, ti oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ní ìgbèríko, ti ọdọọdún ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n máa ń ka ìbéèrè sókè níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ìdáhùn sílẹ̀. Lára wọn ni pé ṣé àwọn Ọ̀rẹ́ ń san gbèsè lásìkò, ṣé wọ́n ń mú àdéhùn ṣẹ. Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ti ń jẹ gbèsè kiri, ìpàdé á rán àgbà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i. Wọn ò lọ gbàdúrà nìkan. Wọ́n á ní kó gbé ìwé owó rẹ̀ wá, wọ́n á wo ohun tó ní, wọ́n á wo ohun tó jẹ. Bí òwò bá ti pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, wọ́n á ní kó dín in kù tàbí kó tà á kí ó tó bàjẹ́. Bí ó bá kọ etí ikún, tó sì kó owó olówó lọ sínú òkùnkùn, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìjọ. Kódà bí àwọn tó jẹ lówó bá gbà láti dárí ìdajì jì í, ìjọ ṣì ń retí pé kó san gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá rí owó. Ẹni tó bá sì ń kó lọ sí ìlú mìíràn gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ ìpàdé rẹ̀ pé kò sí gbèsè lọ́rùn òun. Nínú ayé tí kò tíì sí ilé-iṣẹ́ tó ń wádìí oníyàáwó, ìwé yẹn níye lórí.

Wọn kì í sì í wojú. Ní 1828, báńkì Joseph Fry forí ṣánpọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ni Elizabeth Fry, obìnrin tó gbajúmọ̀ nítorí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n lé Joseph kúrò nínú ìjọ bákan náà.

Ẹni tí ìjọ bá ń yẹ ìwé rẹ̀ wò báyìí, àwọn aládùúgbò á fẹ́ kó bá wọn tọ́jú owó. Bí báńkì wọn ṣe hù nìyẹn. John Freame àti Thomas Gould bẹ̀rẹ̀ ní Lombard Street ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1690. Ní 1736, àna Freame, James Barclay, wọ inú òwò náà. Sampson Lloyd, ọmọ oníṣòwò irin, dara pọ̀ mọ́ John Taylor ní Birmingham ní 1765. Ìdílé Gurney dá tiwọn sílẹ̀ ní Norwich ní 1770. Quaker tó bá fẹ́ ẹni tí kì í ṣe Quaker, lílé ni wọ́n ń lé e títí di nǹkan bí 1860, nítorí náà àwọn ìdílé yìí ń fẹ́ra wọn, owó kò sì jáde nílé. Nígbà tí ogún báńkì para pọ̀ di Barclay and Company ní 1896, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni wọ́n ló jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Barclays yìí ló gba Colonial Bank tó ti wà ní Èkó láti 1917. Òun ló di Union Bank ní 1979.

Max Weber, onímọ̀ ará Jámánì, ló sọ àsopọ̀ ẹ̀sìn Pùròtẹ́sítáǹtì mọ́ kápítálísíìmù, ètò òwò tí olówó ń fi owó wá èrè, di ọ̀rọ̀ àgbáyé ní 1904 sí 1905. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí nínú rẹ̀ ni ti ọmọlẹ́yìn Calvin, olùkọ́ ẹ̀sìn Pùròtẹ́sítáǹtì kan, tí kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ti yan òun, tó wá ń wá àmì rẹ̀ nínú iṣẹ́ àṣekára. Àlàyé yẹn kò bá Quaker mu, torí wọn kò gbà pé Ọlọ́run ti yan àwọn kan ṣáájú. Àlàyé rẹ̀ kejì, tó kọ lẹ́yìn ìrìn àjò rẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní 1904, ló sún mọ́ òótọ́ nípa tiwọn: pé ìjọ tó ń yan ọmọ ìjọ tó sì lè lé e dà bí onídùúró fún un lójú oníṣòwò.

Ṣokoléètì tọ ọ̀nà kan náà, pẹ̀lú ìkórìíra ọtí líle. John Cadbury ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Bull Street, Birmingham, ní 1824, ó ń ta tíì, kọfí àti kòkó mímu, ohun tí òṣìṣẹ́ lè mu dípò jíìnì. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀, Richard àti George, gba òwò náà ní 1861, òwò ọ̀hún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. £4,000 ogún ìyá wọn ni ọkọ̀ọ̀kan fi sí i. Ìṣòro kòkó ìgbà yẹn ni ọ̀rá: nǹkan bí ìdajì èso kòkó jẹ́ ọ̀rá, nítorí náà gbogbo ènìyàn ń fi ìyẹ̀fun pòtétò àti irú rẹ̀ lú u kó má baà léfòó lórí ife. Ní 1866 wọ́n gbé ẹ̀rọ van Houten láti Holland wá, ó fún ọ̀rá náà jáde, àbùlà kò sì sí mọ́. Ní 1879 wọ́n kó lọ sí Bournville. Láti ibẹ̀ ni Bournvita ti gba orúkọ. Ṣùgbọ́n ìwé owó kì í fi gbogbo nǹkan hàn. Láti 1901 ni William Cadbury, ọmọ Richard, ti ń gbọ́ pé bí ẹrú ni wọ́n ń lo àwọn ará Àǹgólà tó ń kórè kòkó wọn ní São Tomé, erékùṣù kan tó wà lábẹ́ àwọn Potogí. Ó di 1909 kí wọ́n tó dáwọ́ rírà níbẹ̀ dúró, tí wọ́n kọjú sí Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní. Wọ́n pe ìwé ìròyìn tó bú wọn lẹ́jọ́, wọ́n jàre, ilé ẹjọ́ sì dá fààdíǹ kan ṣoṣo fún wọn, ìyẹn ìdá mẹ́rin pẹ́nì.

Ibi tí ètò ìpàdé ti já ni Overend, Gurney, báńkì àwọn báńkì ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn ikú Samuel Gurney ní 1856, àwọn ọ̀dọ́ ìdílé náà ń gba owó tí olówó lè bèèrè lọ́la, wọ́n ń fi yá oníṣẹ́ ọkọ̀ òkun àti ojú irin tí kò lè dá a padà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1865 wọ́n ta ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà, fún gbogbo ènìyàn láìsọ ohun tó wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún, 1866, wọ́n ti ilẹ̀kùn, gbèsè sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù mọ́kànlá pọ́n-ùn. Iṣẹ́ ti pọ̀ ju ohun tí àgbà ìjọ méjì lè jókòó yẹ̀ wò nínú pálọ̀ lọ, ẹni tó ra ṣíà ní ìlú òkèèrè kò sì sí nínú ìpàdé kankan. Ní ọdún tó ṣáájú ìṣubú yẹn ni Edwin Waterhouse, ọmọ ìdílé Quaker láti Liverpool, dara pọ̀ mọ́ Samuel Price láti máa yẹ ìwé owó àwọn ilé-iṣẹ́ wò fún owó. Òfin ọdún 1900 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ilé-iṣẹ́ oníṣíà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti gba ayẹ̀wé-owó-wò. Ilé-iṣẹ́ Price àti Waterhouse ló ń jẹ́ PwC lónìí.