Ta Ló Kọ́kọ́ Kọ̀ Láti Dúró? Ìtàn Ìbéèrè Aláìdúró Nínú Dátábéèsì

Bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Bódìjà àti Àgbowó, wọ́n á ní ọdún 2021 ni dátábéèsì tó mọ bí wọ́n ṣe ń rán ìbéèrè púpọ̀ jáde láì dúró de èsì ọ̀kan kó tó rán òmíràn. PostgreSQL 14, ìyẹn ẹ̀dà kẹrìnlá ètò dátábéèsì kan, ni wọ́n mọ̀. Ọmọ àná ni wọ́n.

Ọdún 1954 lèmi mú. Ọdún náà ni National Bureau of Standards ní Amẹ́ríkà parí DYSEAC, kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ àjàgbé. Òǹkà méjì (ohun tó ń sọ àṣẹ tó kàn fún kọ̀ǹpútà) ló fi ń mọ ibi tó bá iṣẹ́ dé: bí ẹ̀rọ tó ń kó dátà wọlé bá ta á lólobó, á fi òǹkà kan sílẹ̀, á bọ́ sórí èkejì, á gba ohun tó dé, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kí ló tún kù? Nígbà tó fi máa di 1958, kọ̀ǹpútà IBM 709 ti ní channel, ẹ̀yà tó ń kó dátà wọlé àti jáde, tó ń bójú tó téèpù fúnra rẹ̀. IBM yìí kan náà ló wá dá ibùdó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ńbí láàárín ọdún 1960 sí 1969. Ta ló máa sọ fún mi pé àwọn tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ò gbọ́ nípa channel? Tèmi ni pé Ìbàdàn ti gbọ́ ọ ṣáájú kí iṣẹ́ System R, dátábéèsì àṣèdánwò IBM, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1974. Kò sì lè ṣàjèjì sí wa: nígbà tí Ìbàdàn ń jọba lórí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ṣé ó ń dúró kí ìṣákọ́lẹ̀ ìlú kan dé kó tó yan ajẹ́lẹ̀ sí òmíràn ni? (Ará Èkìtì ò ní fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí. Mo gbọ́ nípa Kírìjí náà.)

Àwọn kan ń pariwo Volcano, ètò tó ń dáhùn ìbéèrè dátábéèsì, ti Goetz Graefe. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ òun gan-an ló jẹ́ kó mọ́ àwọn operator (àwọn ẹ̀yà tó ń pín iṣẹ́ ìbéèrè ṣe) lára láti máa pe "next", ìyẹn "mú ìlà tó kàn wá", kí wọ́n sì máa wo ojú ara wọn.

Tó bá di ti ìbéèrè SQL, èdè tí wọ́n fi ń bi dátábéèsì léèrè, Roy Goldman àti Jennifer Widom ní Stanford ni mo fi joyè, lọ́dún 2000. Wọ́n fẹ́ kí ìbéèrè kan náà máa wá nǹkan nínú tábìlì àti lórí wẹ́ẹ̀bù, ibẹ̀ sì ń falẹ̀. Wọ́n bá jẹ́ kí ìlà dátà máa kọjá lọ pẹ̀lú àyè òfìfo nínú: ReqPump ń rán ìbéèrè jáde, ReqSync ń dí àwọn àyè náà bí èsì bá ṣe ń wọlé. Join, operator tó ń so tábìlì pọ̀, tó wà láàárín ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣófo.

Ìyókù ò pẹ́ sọ. Lọ́dún 2009, PostgreSQL 8.4 bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ojú ewé dátà tó máa nílò látorí dísíìkì fún ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ṣáájú. Ẹ̀dà 18 mú kíka dísíìkì láì dúró gbòòrò ní 2025. Ní ti ẹ̀dà 14 tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀, Append, operator tó ń to èsì pọ̀, lè bi server púpọ̀ léèrè pa pọ̀ nípasẹ̀ postgres_fdw (àfikún tó ń jẹ́ kó dé dátábéèsì mìíràn) lóòótọ́, ṣùgbọ́n pípa ni wọ́n pa async_capable, ohun tí wọ́n fi ń tan iṣẹ́ náà, kí wọ́n tó gbé e jáde. Ẹni tí kò bá tàn án, ìdúró náà ló ṣì ń dúró.