Ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa ní pírámárì, kí ló dé tí máàtì sẹ́kọ́ńdìrì fi ń dà á láàmú?

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, látìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì títí dé ìdánwò àṣejáde, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Mo kó díẹ̀ jọ síbí, tàwọn òbí àti tàwọn ọmọ fúnra wọn.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi máa ń gba máàkì gidi ní pírámárì. Bó ṣe wọ sẹ́kọ́ńdìrì báyìí, gbogbo ẹ̀ dojú rú. Ṣé kò fojú sí ìwé mọ́ ni?

Ó ṣeé ṣe kó máa fojú sí i ju tàtẹ̀yìnwá lọ pàápàá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn àmì tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti pààrọ̀ iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Ẹ mú àmì ìdọ́gba, =, tó dà bíi pé kò sóhun tó rọrùn tó o. Ẹ kọ eléyìí sí pépà kẹ́ ẹ gbé e fún un: 8 + 4 = □ + 5. Ọ̀pọ̀ ọmọ á kọ 12 sínú àpótí yẹn, àwọn míì á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n á ní 17 ni. 7 ló yẹ kó jẹ́. Kì í ṣe pé wọn ò mọ àròpọ̀ o, ṣùgbọ́n látọdún yìí wá, ibi tí wọ́n bá ti rí àmì yẹn, ohun tí wọ́n ń kà síbẹ̀ ni “ó yá, kọ ìdáhùn”, bí ìgbà téèyàn tẹ bọ́tìnì kakuletọ̀. Robert Recorde, onímọ̀ ìṣirò ará Wales, tó kọ́kọ́ lo àmì náà nínú ìwé ní 1557 ò ní irú ẹ̀ lọ́kàn rárá, ìlà méjì tó gùn bákan náà ló fà, tí wọ́n jọ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, torí ó ní kò sí nǹkan méjì tó tún lè dọ́gba jù wọ́n lọ. Òṣùwọ̀n ni, apá ọ̀tún àti apá òsì wúwo bákan náà. Ọmọ tí ò bá mọ èyí, tó wá pàdé 3x + 2 = x + 10, kò lè mọ ibi tó ti fẹ́ mú un, torí ibi tó ti ń retí ìdáhùn, ìṣirò míì ló bá níbẹ̀.

Ẹ tún yẹ ìwé iṣẹ́ ẹ̀ wò. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan bíi 5 + 3 = 8 + 2 = 10, ẹ ti rí ibi tó ń dùn ún nìyẹn. 10 tó gbà níkẹyìn lè tọ̀nà o, àmọ́ ohun tó kọ sílẹ̀ ń sọ pé 5 + 3 jẹ́ 10.

Ìbéèrè: Sà, kí ni ABD ń wá nínú ìṣirò? Ṣé nọ́ńbà ò tó wa ni?

Ìbéèrè gidi ni, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ẹ́ rẹ́rìn-ín torí ẹ̀. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ áljíbrà gan-an ò lo lẹ́tà. Al-Khwarizmi, tó kọ ìwé tí orúkọ áljíbrà ti jáde, ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820, ọ̀rọ̀ lásán ló fi kọ gbogbo ẹ̀, kò sí àmì kankan níbẹ̀. Ó di 1591 kí Viète ará Faransé tó máa fi lẹ́tà dúró fún nọ́ńbà tá a mọ̀ àtèyí tá ò mọ̀, ìgbà tó di 1637 ni Descartes, ará Faransé bíi tiẹ̀, wá lo x, y, z fún ohun tá à ń wá, tó sì fi a, b, c sílẹ̀ fún ohun tá a ti mọ̀. Ó gba àwọn àgbà onímọ̀ ní ẹgbẹ̀rin ọdún ó lé kí wọ́n tó débẹ̀, àwa wá ní kí ọmọ ọdún mọ́kànlá gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Lẹ́tà náà kì í sì í dúró sójú kan. Níbẹ̀rẹ̀, x dà bí ohun tí wọ́n dé igbá lé, o ṣí igbá, o bá 4 níbẹ̀. Tó bá yá, o rí a + b = b + a, kò sí igbá tí o fẹ́ ṣí níbẹ̀ mọ́, gbogbo nọ́ńbà ló ń bá wí. Ó tún di y = 2x + 3, x àti y jọ ń rìn, bí ọ̀kan bá sún, èkejì á sún. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á gbé y = mx + c dé, tí wọ́n fi ń kọ ìlà tó tọ́ gbọọrọ, lẹ́tà mẹ́rin, méjì ń rìn (x àti y), méjì jókòó (m àti c), àwọn tó jókòó yẹn náà sì tún máa dìde tá a bá kúrò lórí ìlà yìí bọ́ sórí òmíì. Kò burú pé lẹ́tà ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, ohun tó burú ni pé a kì í kéde ẹ̀.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni “b ni bíírò, i ni ìwé, 3b + 2i ni bíírò mẹ́ta àti ìwé méjì”. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bi bá dé, ṣé bíírò lọ́nà ìwé ni? Lẹ́tà ò dúró fún nǹkan, iye ló ń dúró fún. Wo eléyìí: ní síkúùlù kan, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló wà fún tíṣà kọ̀ọ̀kan, A ni iye akẹ́kọ̀ọ́, T ni iye tíṣà. Àìmọye èèyàn, títí kan àwọn tó ti wọ yunifásítì, ló máa kọ 6A = T. Fi nọ́ńbà dán an wò. Tíṣà 10, akẹ́kọ̀ọ́ 60, 6A á wá di 360! A = 6T ló tọ̀nà. Wọ́n ka A sí “akẹ́kọ̀ọ́”, wọn ò kà á sí “iye akẹ́kọ̀ọ́”, ibẹ̀ ló ti tàn wọ́n.

Ìbéèrè: Máínọ́ọ̀sì lọ́nà máínọ́ọ̀sì di pílọ́ọ̀sì. Èmi tí mo ti bímọ yìí, mi ò tíì gbà á dòní.

Ẹ ò jẹ̀bi. Brahmagupta ní India ti kọ òfin ẹ̀ sílẹ̀ ní 628, gbèsè ló pe nọ́ńbà òdì, ọrọ̀ ló pe èkejì. Àmọ́ gbèsè dáa fún àròpọ̀ ni, kí ni gbèsè lọ́nà gbèsè fẹ́ túmọ̀ sí? Èmi máa ń kọ ọ́ tẹ̀léra sójú pátákó ni:

3 × (−2) = −6
2 × (−2) = −4
1 × (−2) = −2
0 × (−2) = 0

Màá wá dákẹ́. Ìlà tó kàn ńkọ́? Ìdáhùn ń fi 2 gòkè nígbà gbogbo, torí náà −1 × (−2) ní láti jẹ́ 2, àwọn ọmọ fúnra wọn ló máa ń pariwo ẹ̀. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, tí wọ́n ti mọ bírákẹ́ẹ̀tì tú, mo máa ń sọ ìdí ẹ̀ gan-an fún wọn: 1 + (−1) jẹ́ òdo, òdo lọ́nà −2, òdo náà ni. Tá a bá wá tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, 1 mú −2 wá, ohun tí −1 máa mú wá gbọ́dọ̀ pa −2 yẹn rẹ́, kò sì sí nọ́ńbà míì tó lè ṣe é ju 2 lọ.

Àmọ́ orin tí wọ́n ń kọ, “máínọ́ọ̀sì méjì, pílọ́ọ̀sì ni”, òun ló ń ba nǹkan jẹ́. Ọmọ á rí −3 − 5, á ní 8 ni. Máínọ́ọ̀sì méjì ló kúkú rí! Orin yẹn ò sọ fún un pé ìgbà tá a bá ń lọ́po nìkan ni. Àmì náà alára tún níṣẹ́ mẹ́ta: nínú 5 − 3 ó ní kó o yọ, nínú −3 ó ń sọ apá ibi tí nọ́ńbà wà sí òdo, nínú −x ó ní kó o yí i padà sódìkejì. Èyí ló fi jẹ́ pé −x lè má jẹ́ òdì rárá, tí x bá jẹ́ −4, −x á jẹ́ 4.

Ìbéèrè: sin²x jẹ́ sin x lọ́nà sin x. Kí ló wá dé tí sin⁻¹x ò jẹ́ 1 tá a fi sin x pín?

Torí −1 yẹn kì í ṣe páwà níbẹ̀, “padà síbi tó o ti wá” ló ń sọ: sin máa ń gba igun, á fún ẹ ní nọ́ńbà, sin⁻¹ á gba nọ́ńbà náà, á dá ẹ padà sí igun. Herschel, onímọ̀ kan ní England, ló gbé e wọlé ní 1813, ó sì ti ń da àwọn ọmọ rú látìgbà náà, mi ò ní gbèjà ẹ̀. Bírákẹ́ẹ̀tì náà ń ṣe irú ẹ̀: 3(a + b), o lè tú u, àmọ́ látìgbà tí Euler, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ f(x) ní 1734, bírákẹ́ẹ̀tì tún di ẹnu ọ̀nà téèyàn ń gbà ti nọ́ńbà wọlé. Sin(30° + 60°) jẹ́ 1. Tó o bá tú u bí ìlọ́po, wàá gba nǹkan bí 1.37, sin ò sì lè ju 1 lọ láé. Àìsàn kan náà ni ẹni tó ń kọ (a + b)² = a² + b² ń ṣe, kó fi 3 àti 4 síbẹ̀, á rí 49 lápá kan, 25 lápá kejì.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, tíṣà ni èmi náà. Tí n bá ń ṣàlàyé àmì kọ̀ọ̀kan báyìí, sílábọ́ọ̀sì á parí ṣá?

Àbúrò mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́jọ́ tí tópíìkì tuntun bá bẹ̀rẹ̀. “Àmì yìí, ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ míì ló fẹ́ ṣe lónìí.” Kí ọmọ kan dìde, kó ka ohun tó wà lójú pátákó lọ́rọ̀ ara ẹ̀, láì ní pé “ẹ́kìsì íkúà tù”. Ohun tó bá sọ á jẹ́ kó o mọ ẹni tó ti sọnù. Tópíìkì tó o sáré parí, tó o wá tún un kọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ṣé o parí ẹ̀ ni?

Ìbéèrè: Tèmi ti wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn, èmi fúnra mi ò sì mọ máàtì. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ bi í pé ṣé −x máa ń jẹ́ nọ́ńbà òdì nígbà gbogbo. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má bá a jà, ẹ ní kó fi −4 sípò x kó kà á sókè fún yín, kẹ́ ẹ wá gbé 8 + 4 = □ + 5 yẹn tẹ̀ lé e. Èyí tó bá gbá a lulẹ̀ nínú méjèèjì, ibẹ̀ ni kí tíṣà ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.