Nígbà tí oògùn apakoríko kò bá ran gbági mọ́

Ẹni tó bá ń tọ́jú pápá bọ́ọ̀lù tàbí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù á mọ gbági: ìdí rẹ̀ funfun, ó pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ le ló fẹ́ràn jù. Fífà á tu kì í ṣe eré, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sá di oògùn. Bó bá wá dọjọ́ kan tí wọ́n fín in tí kò kú, wọ́n á ní oògùn ti mọ́ ọn lára, tàbí pé ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn.

Ayédèrú wà lọ́jà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ti pé ó mọ́ ọn lára, bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú ọ̀kẹ́ àìmọye gbági, ó lè jẹ́ ẹyọ kan ló yàtọ̀ láti inú hóró. Glyphosate, ọ̀kan lára àwọn oògùn apakoríko, ń pa koríko nípa dídì mọ́ èròjà kan nínú rẹ̀ tó ń bá a ṣe ohun tí yóò fi dàgbà. Nínú ẹyọ kan yìí, ojú ibi tí oògùn ń dì mú ti yí padà díẹ̀. Ìyókù kú, òun nìkan ló ni ilẹ̀. Gbági kan sì lè so tó 40,000 hóró. Ẹni tó ń ṣe gàrí ní Ìjẹ̀bú mọ̀ pé ajọ̀ kọ́ ló ń dá kókó sílẹ̀. Kókó ti wà níbẹ̀, èyí tó kúnná ló jò lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1973, wọ́n rí gbági tí trifluralin, oògùn apakoríko mìíràn, kò ràn nínú oko òwú ní South Carolina, l'Amẹ́ríkà. Ní Màléṣíà, 1997 ni ti glyphosate.

Gbogbo èyí tí kò kú kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Òjò lè fọ oògùn dànù kó tó wọ ewé. Omi ẹlẹ́rẹ̀ náà ń ba glyphosate jẹ́, torí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Àmì tó yẹ kó kọ yín lóminú ni gbági méjì tó ṣe déédéé, tí wọ́n hù nítòsí ara wọn, tí ọ̀kan gbẹ, tí èkejì tutù yọ̀yọ̀.

Ẹ má kàn po oògùn náà kó ki sí i. Ẹ má sì torí pé orúkọ ara ike yàtọ̀ ra ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì: ẹ wo èròjà tí wọ́n kọ kéékèèké sí i, kí ẹ mú èyí tó ń gba ọ̀nà mìíràn pa koríko. Lórí pápá gan-an, glyphosate á pa koríko tí ẹ gbìn pẹ̀lú, etí ògiri àti ojú ọ̀nà ni wọ́n sábà ń fín in sí. Gbági tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ọkọ́ wú u kó tó yọrí. Bó bá ti so, ẹ má dà á sí ẹ̀gbẹ́ pápá.